Ìbéèrè Yín Lórí Oògùn Báípólà

Lẹ́yìn tí a tẹ àpilẹ̀kọ wa lórí àìsàn báípólà jáde, lẹ́tà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa kò kéré, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú wọn kò béèrè nípa àìsàn náà bí kò ṣe nípa oògùn rẹ̀: ìgbà tí a lè dá a dúró, oògùn mìíràn tí kò gbọ́dọ̀ bá a pàdé nínú ara, àti ohun tí ó lè ṣe fún ọmọ inú oyún. Mo yan méje nínú àwọn lẹ́tà náà. Mo gé wọn kúrú, mo sì yọ ohunkóhun tí ó lè tú àṣírí ẹni tí ó kọ wọ́n.

Fún àǹfààní ẹni tí kò ka àpilẹ̀kọ yẹn, báípólà ni àìsàn ọpọlọ tí ó máa ń gbé ìṣesí ọkàn ènìyàn lọ sí ìkangun méjì. Ìkangun kan ni ìrusókè: ènìyàn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn, síbẹ̀ kì í rẹ̀ ẹ́; ọ̀rọ̀ yóò máa ya lẹ́nu rẹ̀; èrò yóò máa lé ara wọn lọ́kàn rẹ̀; yóò máa náwó, yóò máa dáwọ́ lé ohun tí agbára rẹ̀ kò ká, bí ó bá sì le, ó lè gbà gbọ́ pé òun ní agbára tí ẹ̀dá kankan kò ní. Ìkangun kejì ni ìsoríkọ́, tí ayé yóò sú u, tí ohun tí ó ń fún un láyọ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní í wù ú mọ́, tí èrò láti gbẹ̀mí ara rẹ̀ sì lè wọlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 40 mílíọ̀nù ènìyàn ni ó ní àìsàn yìí káàkiri ayé ní ọdún 2019. Àwọn oògùn tí mo pè ní amọ́kàndúró nínú ìdáhùn mi ni àwọn tí a ń lò láti dẹ́kun ìkangun méjèèjì àti láti má jẹ́ kí wọ́n padà wá: lithium, valproate, carbamazepine àti lamotrigine. A tún máa ń lo quetiapine, olanzapine, aripiprazole àti irú wọn fún iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n lẹ́tà kò pọ̀ lórí wọn lọ́tẹ̀ yìí.

Ọkọ mi fẹ́ pa oògùn rẹ̀ tì

*Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ó ti lé ní ọdún kan tí ọkọ mi ti ń lo lithium, láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ó ń sùn dáadáa, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọmọ sì ti ń bá bàbá wọn ṣeré. Ní báyìí, ó ní ara òun ti yá, pé ọwọ́ òun máa ń gbọ̀n bí òun bá gbé ife, pé òun ń dìde tọ̀ lóru, àti pé kò sí ìdí tí òun yóò fi máa gbé oògùn mì títí ayé. Ṣé kí n fara mọ́ ohun tí ó sọ? — Ìyá àwọn ọmọ*

Ìyá àwọn ọmọ, ẹ má tíì fara mọ́ ọn, ẹ má sì bá a jà.

Ohun tí ọkọ yín ń rò yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1948, ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, oníṣègùn ọpọlọ kan tí ń jẹ́ John Cade fún ọkùnrin ẹni ọdún 51 kan ní lithium. Ìrusókè ti bá ọkùnrin náà jà fún bí ọdún márùn-ún láìdáwọ́ dúró, kò sì sí ẹni tí ó tún ń retí pé yóò kúrò ní ilé ìwòsàn. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ara rẹ̀ rọ̀. Láàárín oṣù díẹ̀, ó padà sílé, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ó rí i pé ara òun ti dá ni ó pa oògùn tì, àìsàn náà padà kí ọdún kan tó yí po, wọ́n sì tún gbé e padà sí ilé ìwòsàn. Cade tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1949, lórí òun àti àwọn mẹ́sàn-án mìíràn tí ìrusókè ń bá jà. Ọkùnrin yẹn kú ní ọdún 1950, kì í ṣe nítorí pé kò lo oògùn, bí kò ṣe nítorí pé lithium ti pọ̀ jù nínú ara rẹ̀, nítorí wíwọn lithium inú ẹ̀jẹ̀ kò tíì di àṣà nígbà náà. Mo sọ ìtàn yìí tán nítorí pé ewu méjì tí ọ̀pọ̀ lẹ́tà òní ń béèrè nípa wọn ni ó bá ẹnì kan ṣoṣo yìí: ó pa oògùn tì nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́, ó sì tún lò ó láìsí ẹni tí ó ń wọ̀n ọ́n.

Lithium kì í pa báípólà tán bí oògùn kan ṣe ń pa kòkòrò àrùn tí yóò sì parí síbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má jẹ́ kí àìsàn náà tún dìde. Nítorí náà, ara yíyá tí ọkọ yín ń rí kò fi hàn pé kò nílò oògùn mọ́. Ohun tí ó ṣeé ṣe jù ni pé oògùn náà bá a lára mu. N kò sọ pé kò gbọ́dọ̀ dá a dúró láéláé. Àwọn kan wà tí wọ́n bá dókítà wọn jókòó, tí wọ́n ṣírò iye ìgbà tí àìsàn ti gbé wọn ṣánlẹ̀ àti bí ó ṣe le tó, tí wọ́n sì fẹnu kò láti dín in kù. Àmọ́ ẹni tí ó bá gé lithium lójijì, ìrusókè máa ń tètè padà bá a ju ẹni tí ó dín in díẹ̀díẹ̀ lọ. Ìlànà àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin dín in kù, ó kéré tán, bí ó bá sì ṣeé ṣe, kí ó gba oṣù mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó yẹ kí ẹ̀yin méjèèjì gbọ́ kí ẹ tó pinnu. Nínú gbogbo amọ́kàndúró, lithium ni ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù pé ó ń dín iye àwọn tí ń gbẹ̀mí ara wọn kù, ẹni tí ó bá sì gé e ti bọ́ ààbò yẹn sílẹ̀.

Ẹ má ṣe fojú kéré ẹ̀sùn tí ó fi kan oògùn náà. Mo ti gbọ́ tí ẹbí ń sọ fún aláìsàn pé ọwọ́ gbígbọ̀n sàn ju wèrè lọ. Ọ̀rọ̀ burúkú ni, òun gan-an ni ó sì ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sídìí pípa oògùn tì níkọ̀kọ̀. Ọwọ́ gbígbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lè rọlẹ̀ bí dókítà bá dín ìwọ̀n oògùn kù díẹ̀, tàbí kí ó fi propranolol ràn án lọ́wọ́ bí ọkọ yín kò bá ní ikọ́ fée tàbí ohun mìíràn tí ó lè dènà rẹ̀. Ní ti ìtọ̀ òru, lithium kì í jẹ́ kí kíndìnrín lè fa omi padà sínú ara bí ó ṣe yẹ. Lílo gbogbo oògùn ọjọ́ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lálẹ́ máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò kíndìnrín ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wáyé. Kò gbọ́dọ̀ tìtorí ìtọ̀ dín omi mímu kù. Ìwọ̀n ara tí ó ń pọ̀ sí i, àárẹ̀ àti òtútù tí kò nídìí lè jẹ́ pé lithium ti dá iṣẹ́ ẹṣẹ́ thyroid inú ọrùn dúró díẹ̀, a sì ní oògùn fún ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ kọ gbogbo ẹ̀sùn náà sílẹ̀, kí ẹ sì jọ gbé e tọ dókítà lọ. Bí ẹ ti ń ṣe ìyẹn, ẹ lo àkókò tí ara rẹ̀ dá yìí láti jọ kọ àwọn àmì tí ó ṣáájú ìrusókè rẹ̀ tó kọjá sílẹ̀, pàápàá iye wákàtí tí ó ń sùn, àti ẹni tí ó fẹ́ kí ẹ pè bí àmì náà bá yọjú. Ìwé tí ó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nígbà tí orí rẹ̀ pé, ó ṣòro kí ó sọ pé ẹ̀yin ni ẹ dìtẹ̀ mọ́ òun.

Àárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò

*Ṣé kí n lo lithium mi kí n tó lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀, àbí kí n dúró? — Òǹkàwé*

Ẹ dúró. Wákàtí 12 lẹ́yìn ìgbà tí ẹ lo oògùn kẹ́yìn ni a gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ náà. Bí ẹ bá lò ó ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni kí wọ́n gbà á, lẹ́yìn náà ni kí ẹ lo ti àárọ̀. Ẹni tí ó bá gbé oògùn mì tán tí ó wá lọ fa ẹ̀jẹ̀, iye tí yóò jáde yóò ga ju bí ó ṣe yẹ lọ, dókítà sì lè dín oògùn tí kò yẹ kí ó dín kù. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a bẹ̀rẹ̀ tàbí tí a yí ìwọ̀n oògùn padà ni a ń ṣe àyẹ̀wò yìí. Bí iye náà bá ti dúró, ó di oṣù mẹ́ta mẹ́ta ní ọdún àkọ́kọ́, ó sì lè di oṣù mẹ́fà mẹ́fà lẹ́yìn náà fún ẹni tí kò ní àìsàn mìíràn. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà náà ni a ń yẹ kíndìnrín, thyroid àti kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ wò.

Orúnkún ń dùn mí, mo lo ibuprofen

*Ẹni ọdún 58 ni mí. Mo ti ń lo lithium tipẹ́, kò sì yọ mí lẹ́nu rí. Láìpẹ́ yìí ni orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo sì ra ibuprofen. Dókítà tí ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru mi náà tún fi oògùn tí ń mú ni tọ̀ kún ti tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé n kò lè kọ̀wé dáadáa, mo ń bì, ẹsẹ̀ mi kò sì dúró nílẹ̀. Ṣé ọjọ́ ogbó ni? — Bàbá àgbà*

Kì í ṣe ọjọ́ ogbó. Lẹ́tà yìí ni mo dá lóhùn lọ́jọ́ tí ó dé, kí n tó ka ti ẹnikẹ́ni mìíràn tán. Ohun tí mo sọ fún bàbá ni pé kí wọ́n má lo lithium ti alẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n gba ilé ìwòsàn lọ láìdúró di ọ̀la, kí wọ́n sì sọ fún ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá dá wọn lóhùn níbẹ̀ pé lithium ni àwọn ń lò. Mo tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn ẹlòmíràn tí ó lè wà nínú irú ewu bẹ́ẹ̀ láìmọ̀.

Iyọ̀ ni lithium, kíndìnrín sì ni ó ń gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ jáde nínú ara. Kíndìnrín kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ dáadáa sí sódíọ́mù tí ó wà nínú iyọ̀ tí à ń jẹ. Bí omi tàbí sódíọ́mù bá dínkù nínú ara, kíndìnrín yóò di sódíọ́mù tí ó kù mú, yóò sì di lithium mú pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìgbẹ́ gbuuru, èébì, ibà tí ó mú òógùn púpọ̀ wá, tàbí kí ènìyàn ṣàdédé jáwọ́ nínú iyọ̀, fi léwu fún ẹni tí ń lò ó. Ọ̀nà mìíràn ni àwọn oògùn kan ń gbà dí kíndìnrín lọ́wọ́: ibuprofen, diclofenac, naproxen àti ìran wọn, hydrochlorothiazide àti àwọn oògùn ìtọ̀ tí ó jọ ọ́, àti lisinopril, ramipril, enalapril tàbí losartan tí a ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Bàbá yìí ti kó méjì pọ̀ nínú wọn. Fún ìrora, paracetamol kì í gbé lithium sókè.

Iye tí a sábà ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ ni láti 0.6 sí 0.8 mmol nínú lítà kan. Àwọn mìíràn nílò rẹ̀ títí dé 1.0. Bí ó bá ti kọjá 1.5, àmì májèlé yóò máa yọjú, bí ó bá sì ti kọjá 2.0, ẹ̀mí lè lọ sí i. Ẹ wo bí ààyè tí ó wà láàárín oògùn àti májèlé ṣe kéré tó. Ọwọ́ tí ó ń gbọ̀n jìgìjìgì, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, ẹsẹ̀ tí ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ahọ́n tí ó ń lọ́, oorun tí kò ṣeé jí nínú rẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ tí kò bára mu, àmì rẹ̀ nìyí. Àgbàlagbà sì lè ní àmì wọ̀nyí nígbà tí nọ́ńbà inú ìwé àyẹ̀wò ṣì dára lójú, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà nìkan dá yín padà sílé. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1949, ọdún kan náà tí Cade tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde, àwọn tí dókítà ní kí wọ́n yẹra fún iyọ̀ nítorí àìsàn ọkàn ń fi lithium chloride dípò iyọ̀ láìwọ̀n ọ́n. Májèlé mú wọn, àwọn kan kú, ìjọba sì kó o kúrò lọ́jà. Ó wà lára ohun tí ó fà á tí Amẹ́ríkà kò fi fọwọ́ sí lithium fún ìrusókè títí di ọdún 1970.

Mo fẹ́ ṣègbéyàwó, valproate ni mo ń lò

*Ẹni ọdún 27 ni mí. Láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni valproate ti ń mú ara mi dúró. Èmi àti àfẹ́sọ́nà mi fẹ́ ṣègbéyàwó, a sì fẹ́ tètè bímọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní oògùn náà ń ba ọmọ jẹ́, ẹ̀rù bà mí, mo sì ti ń fò ó ní ọjọ́ kan mú ọjọ́ kan. Kí ni kí n ṣe? — Ìyàwó ọ̀la*

Òótọ́ ni ọ̀rẹ́ yín sọ, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń ṣe nípa rẹ̀ kò dára. Bí ẹ ti ń fo oògùn yìí, kò lè dáàbò bo ọkàn yín, bẹ́ẹ̀ ni kò ní í dáàbò bo ọmọ bí oyún bá dé láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ padà sí bí dókítà ṣe kọ ọ́, ẹ máa lo ìfètòsọ́mọbíbí tí ó dájú, kí ẹ sì rí dókítà yín láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé ọmọ ni ẹ fẹ́ bí.

Nínú gbogbo amọ́kàndúró, valproate ni ó léwu jù fún ọmọ inú. Nínú 100 ọmọ tí ìyá wọn lò ó nígbà oyún, nǹkan bí 10 ni a ń bí pẹ̀lú àbùkù ara, bí ọ̀pá ẹ̀yìn tí kò padé, ọkàn tí kò pé tàbí ètè tí ó là, nígbà tí ó jẹ́ bí 2 tàbí 3 nínú 100 láàárín ọmọ gbogbo. Ju ìyẹn lọ, láti 30 dé 40 nínú 100 ni ó lè pẹ́ kí ó tó rìn tàbí kí ó tó sọ̀rọ̀, tí ẹ̀kọ́ lè nira fún, tàbí tí ó lè ní ọ̀tisímù. Ọ̀pọ̀ àbùkù ara yìí ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oyún, kí obìnrin tó mọ̀ pé òun lóyún, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ dúró di ìgbà tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró. Folic acid dára fún aboyún, kì í ṣe pé ó ń mú ewu valproate kúrò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kìíní ọdún 2024, a kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 55, ọkùnrin tàbí obìnrin, sórí valproate àfi bí oníṣègùn àgbà méjì bá jẹ́rìí pé kò sí oògùn mìíràn tí ó ṣiṣẹ́ tàbí tí ó yẹ ẹ́. Ó dùn mí pé ọdún mẹ́rin kọjá tí ẹnikẹ́ni kò bá yín sọ èyí.

Ohun tí dókítà yín yóò ṣe ni láti gbé yín bọ́ sórí oògùn mìíràn kí oyún tó dé, kí ó sì dúró díẹ̀ kí ó rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Lamotrigine àti quetiapine ni a sábà máa ń kọ́kọ́ rò. Carbamazepine kì í ṣe ibi ìsádi: òun náà lè pa ọmọ inú lára, ó sì ń sọ ọ̀pọ̀ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí di aláìlágbára. Lithium lè mú kí ewu àbùkù ọkàn ọmọ pọ̀ díẹ̀ bí a bá lò ó ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, pàápàá bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pọ̀, ṣùgbọ́n ewu yẹn kéré gan-an sí ti valproate. Fún obìnrin tí lithium nìkan ni ó mú ara rẹ̀ dúró, òun àti dókítà lè yàn án tojú-tìyẹ́. Wọn yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò léraléra, nítorí kíndìnrín aboyún máa ń gbé lithium jáde kíákíá.

Ẹ bá wọn ṣètò ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé ìbímọ náà sílẹ̀ láti ìsinsìnyí. Kò sí ìgbà kan nínú ayé obìnrin tí ó ní báípólà tí ìrusókè lè tètè gbé e bí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, àìsùn sì ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún un. Oògùn wo ni ẹ ó lò lọ́jọ́ tí ẹ bá bí? Ta ni yóò gbé ọmọ lóru kí ẹ lè sùn? Ṣé ẹ ó fún ọmọ lọ́mú? Lithium ń bọ́ sínú wàrà ọmú púpọ̀, ọ̀pọ̀ dókítà sì ń gba ìyá tí ń lò ó nímọ̀ràn pé kí ó má fọ́mọ lọ́mú. Àfẹ́sọ́nà yín gbọ́dọ̀ wà níbi ìjíròrò yìí. Bí kò bá tíì mọ̀ nípa àìsàn yín, ẹ sọ fún un kí ẹ tó gbéyàwó, nítorí òun ni yóò kọ́kọ́ rí i bí ẹ kò bá sùn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án láìlo lamotrigine

*Mo ń lo lamotrigine 200 mílígíráàmù lójúmọ́. Mo rìnrìn àjò, mo sì gbàgbé rẹ̀ sílé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ṣé kí n máa bá a lọ láti ibi tí mo dé? — Arìnrìn-àjò*

Rárá o. Bí ọjọ́ tí ẹ kò lo lamotrigine bá ti ju nǹkan bí márùn-ún lọ, ó ti tán nínú ara yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ bí ẹni tí kò lò ó rí: 25 mílígíráàmù lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, 50 fún ọ̀sẹ̀ méjì tí ó tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà kí dókítà máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ń lo valproate pẹ̀lú rẹ̀, ìdajì ìwọ̀n yẹn ni, nítorí valproate kì í jẹ́ kí lamotrigine tètè jáde nínú ara. Ẹ pe dókítà yín lónìí kí ó kọ ètò náà fún yín, kí ó sì sọ ohun tí yóò dáàbò bo yín títí oògùn yóò fi padà dé ibi tí ó wà.

Ìdí tí a kò fi ń yára ni pé lamotrigine lè mú kí ara sú. Èyí tí ó pọ̀ jù kì í ṣe ohun bàbàrà, ṣùgbọ́n nínú ìwọ̀nba ènìyàn, awọ ara yóò lé ròrò, yóò bó, egbò yóò sì yọ sí ẹnu àti ojú, èyí sì lè pa ènìyàn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀, pàápàá bí a bá sáré gbé ìwọ̀n oògùn sókè. Bí ara bá sú, ẹ dá oògùn náà dúró, kí ẹ sì lọ fi han dókítà lọ́jọ́ náà. Bí ibà, egbò ẹnu tàbí ojú pípọ́n bá bá a rìn, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ rántí pé oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tí ó ní estrogen lè dín lamotrigine inú ẹ̀jẹ̀ kù sí bí ìdajì, nítorí náà ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tàbí kí ẹ tó dá a dúró.

Mi ò lè kọ ewì mọ́

*Akéwì ni mí. Àkókò ìrusókè ni mo kọ gbogbo ewì tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù. Láti oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń lo lithium, ara mi balẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í wá mọ́. Bí oògùn yìí bá máa gba ewì lọ́wọ́ mi, n kò mọ̀ bóyá mo fẹ́ ẹ. — Akéwì*

Mo gba ohun tí ẹ sọ gbọ́. Àwọn kan tí ń lo lithium máa ń sọ pé èrò àwọn kò yára mọ́, pé àwọn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rántí ọ̀rọ̀ tí àwọn fẹ́ sọ, dókítà tí ó bá sì fi ọwọ́ rọ́ ìyẹn sẹ́yìn kò ṣe dáadáa. Kí ẹ tó dá ẹjọ́ lithium, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ohun mẹ́ta wò. Èkíní ni thyroid, nítorí bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dínkù, ọpọlọ yóò wúwo. Èkejì ni iye lithium inú ẹ̀jẹ̀ yín: ẹni tí iye rẹ̀ wà ní 0.9 lè rí i pé ọkàn òun fúyẹ́ bí a bá sọ ọ́ kalẹ̀ sí 0.6, tí àìsàn kò sì padà. Ẹ̀kẹta ni ìsoríkọ́ tí kò tíì tán, tí ó ń dá ọ̀rọ̀ dúró lẹ́nu ju oògùn èyíkéyìí lọ. Oṣù mẹ́jọ kò pẹ́ rárá lẹ́yìn ìrusókè ńlá.

Oníṣègùn ilẹ̀ Dẹ́nímáàkì kan, Mogens Schou, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí lithium, bi àwọn ayàwòrán, òǹkọ̀wé àti akọrin 24 tí wọ́n ń lò ó ní ìbéèrè yín yìí gan-an, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1979. Méjìlá sọ pé iṣẹ́ àwọn pọ̀ sí i, mẹ́fà ní kò yàtọ̀, mẹ́fà ní ó dínkù. Ẹ lè wà lára àwọn mẹ́fà ìkẹyìn yẹn, n kò sì ní í tàn yín pé kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ kó àwọn ewì ìgbà ìrusókè náà jáde báyìí, gbogbo wọn, kì í ṣe àwọn tí ènìyàn fẹ́ràn nìkan. Ẹ kà wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò oṣù tí ìsoríkọ́ tí ó tẹ̀lé wọn fi gba kálámù lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ti ṣe àyẹ̀wò mẹ́ta tí mo kà sílẹ̀ yẹn, tí dókítà sì ti tún ìwọ̀n oògùn ṣe, tí ewì kò sì padà, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bi í nípa oògùn mìíràn, kí ó sì fara balẹ̀ dá yín lóhùn.

Mo ń fi oògùn sínú oúnjẹ ọmọ mi

*Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 22, kò gbà pé ohunkóhun ń ṣe òun. Mo ti ń lọ oògùn rẹ̀, mo sì ń fi sínú oúnjẹ rẹ̀ láìjẹ́ kí ó mọ̀. Ó ti ń sùn, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. — Ìyá*

Ìyá wa, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ó mú yín ṣe é, àti pé ẹ ti rí ohun tí ojú kò fẹ́ rí kí ẹ tó dé ibẹ̀. Síbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ẹ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ lónìí kí dídáwọ́ náà má baà ṣe é ní jàǹbá. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń lo lithium kò lè mọ̀ pé òun kò gbọ́dọ̀ lo ibuprofen. Bí ó bá ń bì, tí ó sì gbé ara rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, kò sí ẹni tí yóò rò ó láti yẹ lithium wò. Àwọn oògùn kan tún wà, nínú valproate àti lithium náà, tí a ṣe kí wọ́n máa tú díẹ̀díẹ̀ nínú ara. Bí a bá lọ̀ wọ́n, gbogbo rẹ̀ yóò tú lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ tí ó bá sì já a ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù oúnjẹ ọwọ́ yín, ẹ ó sì pàdánù ẹni kan ṣoṣo tí ó ṣì ń gbọ́ tirẹ̀ nínú ilé, ìyẹn ẹ̀yin fúnra yín.

Ẹ má ṣe bá a fa ọ̀rọ̀ orúkọ àìsàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò gbà pé àwọn ní báípólà ni ó máa ń gbà pé àwọn kò sùn, pé inú ń bí àwọn lódìlódì, tàbí pé ilé ẹ̀kọ́ ti sú àwọn. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti mú un tọ dókítà lọ. Ẹ jẹ́ kí òun àti dókítà nìkan jọ sọ̀rọ̀ fún àkókò díẹ̀, kí ẹ jókòó síta. Bí ó bá jẹ́ pé gbígbé oògùn mì lójoojúmọ́ ni ó sú u, abẹ́rẹ́ aripiprazole tàbí risperidone wà tí a ń gún lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí òun fúnra rẹ̀ lè gbà láti lò.

Bí ó bá ti ń halẹ̀ láti pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn, tàbí tí kò jẹun, tí kò mumi, tí kò sùn fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìyá àti ọmọ nìkan. Ẹ kó gbogbo oògùn inú ilé pamọ́, pàápàá lithium, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ pe ẹnì kan tí ó bọ̀wọ̀ fún láti bá yín gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì mú ike oògùn náà dání, kí ẹ sọ òótọ́ fún àwọn dókítà níbẹ̀ pé inú oúnjẹ ni ẹ ti ń fún un, àti iye tí ẹ fún un kẹ́yìn.